Abẹ́rẹ́ Nínú Àga Màámi

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, mo ti Òṣogbo lọ kí Màámi nílé wa ní Iléṣà. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé àpò ẹja dání, mo ń kígbe pé "Ẹ kúulé o," àfi bí mo ṣe rí i nílẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó kán tó, tó, tó, láti ilé ìdáná títí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, bí ìgbà tí adìyẹ tí wọ́n ń pa bá já mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Mo ju ẹja sílẹ̀, mo figbe ta, mo sáré wọlé.

Màámi jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó o ń han bí ẹni tí ulé ń jó mọ́ lórí?"

"Màámi, ẹsẹ̀ yín!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìṣó kékeré kan tó ti yọrí nísàlẹ̀ àga náà ló ya wọ́n ní gìgísẹ̀, ojú ọgbẹ́ ọ̀hún là, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde. Wọ́n ti gbé e dìde bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rìn lọ sílé ìdáná, wọ́n ti gbé àwo ẹ̀gúsí, wọ́n ti padà wá jókòó, wọn ò mọ nǹkan kan. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ.

Ìtọ̀ ṣúgà ló ti ń bá Màámi jà láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà ti sọ fún wa pé ó máa ń pa ẹsẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀, pé ẹsẹ̀ á wà níbẹ̀, á máa rìn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìrora mọ́. Pé ká ṣọ́ra fún ohunkóhun tó bá lè gún wọn, tó lè bó wọn, tó lè jó wọn. A gbọ́ ọ, a ní ẹ ṣé dókítà, a lọ sílé. Ta ni ọ̀rọ̀ dókítà ń wọ̀ létí lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá kan nínú ìjọ wa, bàtà ọdún Àjíǹde ló kọ́kọ́ bó o lẹ́sẹ̀. Wọ́n gé ọmọ ìka. Wọ́n gé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orúnkún, ìyá náà ní ó tó gẹ́ẹ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ, ó sì lọ. Bí mo ṣe ń fọ gìgísẹ̀ Màámi lọ́sàn-án yẹn, ìyá yẹn ni mò ń rí. Màámi ní tiwọn ń ròyìn ìgbéyàwó ọmọ aládùúgbò fún mi.

Mo ní wọ́n ń bá mi lọ sí Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, inú bí mi, mo tún bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ń lọ, àga àwọn ń bọ̀.

Àga ọ̀hún, ti bàbá wa ni. Ọdún kan tí kòkó ta dáadáa ni wọ́n rà á. Nígbà tí wọ́n wà láyé, kò sí ọmọ tó jẹ́ fìdí kàn án. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wà lóko, ńṣe là ń rìn yí àga náà ká bí ẹni pé wọ́n wà lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí pín aṣọ, wọ́n pín oko kòkó, wọ́n pín ìbọn. Ìgbà tí wọ́n fojú sí àga, Màámi rìn lọ síbẹ̀, wọ́n jókòó. Ọmọ òṣómàáló ni Màámi. Ibi tí wọ́n bá lóṣòó sí, kò sẹ́ni tó lè gbé wọn dìde níbẹ̀. Àwọn ẹbí wojú ara wọn, wọ́n lọ pín nǹkan mìíràn.

Ọkọ mi ló bá wa wá ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Màámi wà níwájú, àga wà lẹ́yìn, èmi náà wà lẹ́yìn pẹ̀lú àga, mo dì í mú láti Iléṣà títí dé ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo dà bí ẹni tó gbé Kábíyèsí bọ̀. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Orí ìṣó tó ya Màámi lẹ́sẹ̀ ni mò ń wò láti ilé dé ilé.

Mo ní kí n gbé e fún àwọn tó ń ṣe kúṣìn lójú títì. Màámi ní láéláé. Wọ́n ní ẹnì kan gba rédíò bàbá wa láti tún un ṣe rí, ohùn ẹlòmíràn ló gbé padà wá. "Àga yìí ò ní jáde. Bí o bá máa tún un ṣe, tún un ṣe níbi tí mo wà." Ó dáa náà. Aránṣọ ni mí, aṣọ iléèwé ni mò ń rán jù. Ẹni tó ń rán ṣòkòtò fún àwọn ọmọ tó ń fìdí wọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ni àga fẹ́ fi hàn án?

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni mo ti tú u. Ẹ gbà mí o, ohun tí mo bá nínú àga yẹn! Fóòmù ti rún bíi gààrí. Àwọn rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ta sábẹ́ láti gbé ìjókòó dúró ti já. Ìṣó tó ti dípẹtà kún ibẹ̀ bí eyín ajá. Mo fi púláyà yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo, èyí tí mo bá gbọ́ pé ó dún nílẹ̀, mi ò ní mí títí màá fi rí i. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀, mo fọwọ́ gbá a, mo wá bọ́ bàtà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ ara mi rìn ín káàkiri, pé bí èyíkéyìí bá ṣẹ́ kù, kó gún èmi. Mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Màámi sínú pálọ̀ kí wọ́n má baà jáde wá bá mi. Inú wọn ò dùn rárá. "Ṣé o ti sọ mí sẹ́wọ̀n ni?" Ẹ̀rù ló sọ mí di wọ́dà.

Mo ra rọ́bà tuntun, mo ra fóòmù tó nípọn ní ọjà Ìgbọ̀nà. Màámi fúnra wọn ló yan aṣọ: àrán pupa, ó pọ́n bí obì tó gbó. Mo wá búra pé mi ò ní kan ìṣó kankan mọ́ ibi tí ara Màámi máa kàn. Rírán ni màá fọwọ́ rán gbogbo ẹ̀. Ìṣó ni mò ń sá fún, abẹ́rẹ́ ni mo sá bá.

Abẹ́rẹ́ tèmi kúrú fún irú fóòmù bẹ́ẹ̀. Màámi ní kí n gba tàwọn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò kòkó ni, ó gùn tó láti orí ìka àárín mi dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n gún un mọ́ ṣùkù àgbàdo gbígbẹ kan nínú agolo bisikíìtì wọn. Wọ́n ti fi rán àpò fún bàbá wa láìmọye ọdún. "Dá a padà síbi tó wà o," ni wọ́n wí. Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, mà."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Mo na àpò lé rọ́bà, mo gbé fóòmù lé àpò, mo wá ń fi okùn rán fóòmù mọ́ àpò kó má baà yẹ̀ nígbà tí èèyàn bá jókòó. Màá ti abẹ́rẹ́ láti ìsàlẹ̀, láàárín rọ́bà méjì, yóò yọrí lókè fóòmù; màá fà á jáde, màá tún tì í padà sísàlẹ̀, màá so okùn. Iṣẹ́ náà rọrùn bí wọ́n bá jẹ́ kí èèyàn jókòó tì í.

Wọn ò jẹ́ kí n jókòó tì í. Nílé tiwa, bí àgbà bá pe èèyàn, èèyàn kì í dáhùn láti ìjókòó. "Kí lẹ fẹ́?" láti ọ̀nà jíjìn, àrífín gbáà ni. Wàá jáwọ́ nínú ohun yòówù kó o máa ṣe, wàá dìde, wàá lọ síwájú ẹni tó pè ọ́, wàá kúnlẹ̀, kó o tó wá mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ní kó o bá àwọn wo ẹni tó ń kọjá lójú títì. Màámi pè mí pé kí n wá gbé omi. Wọ́n pè mí pé aláǹgbá kan ń wo àwọn. Wọ́n pè mí pé kí n wá, wọ́n sì ti gbàgbé ohun tí wọ́n pè mí fún.

Ó ku rírán kan péré lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ parí ẹ̀. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ àga, mo ń ti abẹ́rẹ́ sókè, ìdí ẹ̀ ti wọ inú fóòmù, ṣónṣó rẹ̀ kò tíì yọ. Ni Màámi bá ké: "Ìwọ ọmọ yìí! Wá! Wá kíákíá!" Ìdí mi fò kúrò nílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti ṣubú. Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbi tó wà, mo sáré wọlé, mo fi ọwọ́ ti ara ògiri.

Fóònù mi ló ń dún. Bàbá alàgbà ìjọ wa ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé Màámi ti dé, pé àwọn àti àwọn ìyá aládùúrà ń bọ̀ lọ́la wá kí wọn káàbọ̀, kí àwọn sì gbàdúrà sí àga bàbá wa tí mò ń tún ṣe. Màámi ń jó lórí ìjókòó. Lọ́la kẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìrẹsì, mo ń ro ẹja, mo ń ro eruku inú ilé tí mi ò tíì nù. Ìgbà tí mo padà sídìí àga, mo rí okùn tó rọ̀ nísàlẹ̀, mo rò pé mo ti so ó. Mo gé e. Mo fa àrán pupa bò ó, mo fi abẹ́rẹ́ kékeré tèmi rán etí ẹ̀ yíká, ó pé, ó dán, ó wù mí. Èmi àti ọkọ mi gbé e wọ pálọ̀. Mo ní kí Màámi má tíì jókòó lórí ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àdúrà ṣí i. Mo rò pé nǹkan iyì ni mò ń ṣe.

Wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, pálọ̀ kún. Màámi ti wọ aṣọ òkè wọn, wọ́n dúró ti àga, wọ́n dì í mú lápá. "Ọmọ mi ló ṣe é o! Kò gbé e fún ẹnì kankan. Ẹ fọwọ́ kàn án wò, ẹ fọwọ́ kàn án!" Gbogbo wọn ń fọwọ́ pa àrán, wọ́n ń yìn mí, orí mi ń wú. Àárín ẹ̀ ni Màámi yíjú sí mi.

"Abẹ́rẹ́ àpò kòkó mi ńkọ́? Ṣé o ti dá a padà?"

Mo ní ó wà níbẹ̀. Mo wọ yàrá lọ wò ó láti fi ọkàn wọn balẹ̀.

Ṣùkù àgbàdo wà nínú agolo. Abẹ́rẹ́ kò sí lára ẹ̀. Mo wo ìdí maṣíìnì mi. Mo wo àyà bùbá iṣẹ́ mi, níbi tí mo máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Mo gbọn gèlè àná. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète. Bó bá bọ́ sínú òkun, ó di àwátì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo bi ara mi pé, nígbà tí Màámi pè ọ́ lánàá, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ? Ni ọwọ́ mi bá rántí kí orí mi tó rántí. Ó wà nínú fóòmù. Ó dúró ṣánṣán, ṣónṣó rẹ̀ wà lókè, mo sì ti fi àrán bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ ìyá inú ìjọ wa tí wọ́n gé ni mo rí. Mo sáré.

Orin ti gba pálọ̀ kan. Wọ́n ti dijú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá alàgbà gbé ọwọ́ lé Màámi lórí, wọ́n ń wí pé a ó mú ìyá wa jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, a ó mú wọn dìde lẹ́ẹ̀mẹta, ní orúkọ Mẹ́talọ́kan.

"Ẹ dúró!" ni mo ké. "Màámi, ẹ má jókòó!"

"Hallelúyà!" ni gbogbo wọn dá mi lóhùn.

Mo ya lu àárín wọn, mo ń fi ìgbònwọ́ la ọ̀nà. Ìyá aládùúrà kan gbá mi mú lápá ọ̀tún, òmíràn gbá mi mú lápá òsì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, èmi náà ti dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ̀mí bá gbé èèyàn nínú ìjọ wa, wọn kì í jẹ́ kó ṣubú lulẹ̀ ṣèṣe. "Ẹ dì í mú dáadáa, ẹ̀mí ti dé!" Mo ń jà, wọ́n ń dì mí. Bí mo ṣe ń jà sí i ni wọ́n ń dì mí sí i.

"Abẹ́rẹ́!" ni mo ń ké. "Abẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀!"

"Gbogbo abẹ́rẹ́ tí ayé gún mọ́ ìyá wa lára," ni ìyá apá ọ̀tún gbà á lẹ́nu mi, ó fi gbogbo ara ké e, "iná!"

"Iná!" ni pálọ̀ dáhùn.

"Ní orúkọ Bàbá!" Bàbá alàgbà tẹ Màámi léjìká, Màámi jókòó.

Mo la ojú mi sílẹ̀ gbàgàdà, mo ń wo ojú wọn. Mo ń retí igbe. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n ké. Màámi kò ké. Ẹnu wọn tó ń kọrin ló kàn pa dé, wọ́n wo iwájú gan-an.

"Ẹ dìde, ìyá! Ní orúkọ Ọmọ!" Wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Mo bú sẹ́kún, mo ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ní orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́!" Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fọwọ́ tún ìró wọn ṣe, wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Àmín dún títí dé ojú títì.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀. Mo ṣubú síwájú Màámi lórí orúnkún mi. "Màámi, ẹ dìde. Mo bẹ̀ yín. Abẹ́rẹ́ àpò kòkó wà nínú àga. Mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

Ojú gbogbo wọn wà lára mi, ó tún wà lára Màámi.

Màámi rẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ wo? Ṣebí èmi ni mo jókòó lórí ẹ̀? Àga rọ̀ mí lára bí ẹ̀kọ tútù. Dìde nílẹ̀, lọ gbé oúnjẹ wá fún àwọn àlejò mi."

Ni wọ́n bá tún bú sí hallelúyà, pé Ọlọ́run ti yọ ọ́ kúrò, pé ohun tí mo ké lójú ẹ̀mí ló ti ṣẹ. Mo ń bu ìrẹsì fún wọn. Ohun tí wọ́n ń fi dúpẹ́ ni mò ń fi kú lọ. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, tí Màámi jókòó lé e lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọn ò sì mọ̀, a jẹ́ pé ikú ẹsẹ̀ ti gòkè dé itan nìyẹn. Mo wo Màámi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gba àdúrà. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i ní etí pé kí wọ́n dìde díẹ̀, wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀. Ìgbà tí àwọn àlejò ń lọ, Màámi tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìsìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ìjókòó ni wọ́n ti juwọ́ sí wọn.

Mo ti ilẹ̀kùn.

"Wá fà mí dìde," ni Màámi wí. "Rọra o."

Mo fà wọ́n dìde. Abẹ́rẹ́ náà bá wọn bọ̀. Ó gba àrán jáde, ó gba ìró wọn kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọ ẹ̀yìn itan wọn, kìkì ìdí ẹ̀ pẹ̀lú okùn tí mo gé ló ń fì lẹ́yìn. Àrán pupa ti mu ẹ̀jẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

"Màámi, ẹ ò mọ̀ ọ́n lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí wọ́n ní ní orúkọ Bàbá. Ó bá mi dìde, ó bá mi jókòó."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò ké? Ẹ ò gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo? Mo bi yín níwájú wọn, ẹ ní kò sí nǹkan kan!" Inú ń bí mi, mo ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mo ń ṣe níbẹ̀.

Màámi di èjìká mi mú kí wọ́n má baà ṣubú. "Bí mo bá ké, kí ni wọ́n máa rí? Abẹ́rẹ́ nínú àga, àga tí ọmọ mi dá ṣe, tí kò jẹ́ kí n dé ìdí ẹ̀, tó ní kí n má jókòó lórí ẹ̀ títí èrò á fi dé. O ò mọ ayé tá a wà yìí? Kó tó di ọ̀la, wọ́n á ní o fẹ́ fi ìyá ẹ ṣoògùn owó. Ta ló máa wá kó ọ̀rọ̀ yẹn padà sínú ẹnu wọn? Ìrora á lọ. Ìyẹn kì í lọ."

Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ nìkan ló ti ń bà mí láti ìgbà yẹn. Mi ò tilẹ̀ rò débẹ̀.

Ọkọ mi wá takisí, a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, Màámi dojú délẹ̀ lórí itan mi ní ìjókòó ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ó fọ ojú ibẹ̀ dáadáa. Màámi ò ṣe bí ẹni tí nǹkan ń ṣe, nítorí mo dúró níwájú wọn. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá gbé abẹ́rẹ́ òyìnbó, tó gún wọn ní apá, Màámi figbe bọnu: "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ọmọ yìí pa mí o!" Àwọn èèyàn yọjú láti yàrá kejì. Mo bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú mi. Ara tó lè ké báyẹn kò tíì kú. Egbò itan náà padà jinná, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni ọkàn mi ti balẹ̀, débi pé mo gbójú gbóyà, mo ní kí nọ́ọ̀sì jọ̀ọ́, kó bá mi yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn náà wò. Bóyá dókítà ti Iléṣà ló ṣì í wí.

Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà wọn. Ó mú rọ́bà tín-ínrín kan bí irun ẹṣin. Ó ní, "Màmá, ẹ dijú. Bí mo bá ti fi kàn yín, ẹ wí fún mi."

Màámi dijú. Nọ́ọ̀sì fi kàn wọ́n ní àtàǹpàkò. Màámi dákẹ́.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni wọ́n yára wí.

Nọ́ọ̀sì wò mí. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó nà án sókè síbi tí mo ti lè rí i dáadáa, rọ́bà náà wà láàárín ìka rẹ̀, kò sún mọ́ ẹsẹ̀ wọn rárá.

"Èyí ńkọ́, Màmá?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni Màámi wí, ojú wọn dì gírígírí. "Bá mi sọ fún ọmọ mi yẹn, kó sinmi ẹkún."